Ta Ni Ó Kọ́ Ọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Òrìṣà Orin, Láti Kòríà dé Accra

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ní àdúgbò Osu ní ìlú Accra, a bá àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá kan. Wọ́n gbé fóònù ti ara ògiri, orin ń jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì ń jó. Bí àwọn ṣọ́jà ti ń yan ni wọ́n ń jó: bí ọ̀kan bá gbé apá, gbogbo apá a gbéra, bí ọ̀kan bá yí ọrùn, gbogbo ọrùn a yí. Èdè tí wọ́n fi ń gbe orin náà kì í ṣe Ga, kì í ṣe Twi, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Kòríà ni.

A dúró títí wọ́n fi sinmi. A bi wọ́n bí wọ́n bá mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ lórin. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa ní ẹsẹẹsẹ, bí ọmọ ilé ìwé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n dárúkọ àwọn akọrin náà, wọ́n sì sọ iye ọdún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi kọ́ṣẹ́ kí a tó gbé e sójú agbo. Nígbà náà ni a sọ fún wọn pé ní ìlú Accra yìí kan náà, ní apá James Town tí kò jìnnà sí ibẹ̀, ni olórin kan ti kẹ́kọ̀ọ́ nígbà èwe rẹ̀, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù. E. T. Mensah ni orúkọ rẹ̀. Wọn kò gbọ́ orúkọ náà rí. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn wò wá lójú, ó ní, "Sà, ta ni ó kọ́ ọ?"

A dá ọmọ náà lóhùn ní gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ tẹ̀lé wa délé. Òun ni ó mú wa kọ ohun tí ẹ̀yin òǹkàwé wa ń kà yìí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ ipò tí a wà. A kì í ṣe ọmọ awo nínú ọ̀ràn orin Kòríà. A kò lẹ àwòrán olórin kankan mọ́ ògiri, a kò sì mọ orúkọ gbogbo wọn tán. Ẹni tí ó ń kọjá lọ tí ó yà wòran ni wá. Ṣùgbọ́n awòran náà ní ojú, ó sì ní ẹnu.

Ní Kòríà, "aidol" ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀dọ́ akọrin wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tiwa, òrìṣà ni. A rò pé orúkọ náà bá ọ̀ràn mu ju bí àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti rò lọ. Àwọn baba wa wí pé bí ènìyàn kò sí, òrìṣà kò sí. Wọ́n sì tún wí pé: òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Òwe méjì yìí ni a ó fi wọn ọ̀rọ̀ náà wò.

A kò bí orílẹ̀-èdè Gúúsù Kòríà sínú ọrọ̀. Ogun jà níbẹ̀ láti 1950 títí dé 1953, ó sì sọ ilẹ̀ náà di ahoro. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1957, ipò àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti máa ń sọ, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Lónìí, ọkọ̀ Kòríà ni a ń wọ̀, fóònù Kòríà ni a ń gbá létí, orin Kòríà sì ni àwọn ọmọ Osu ń jó. Ilé aṣojú ìjọba Kòríà ní Accra pàápàá ti ṣe ìdíje fún àwọn ọ̀dọ́ Gánà tí ó mọ orin àti ijó náà. Ìjọba tí ó bá rán akọrin níṣẹ́ bí ó ti ń rán ikọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe.

Báwo ni wọ́n ti débẹ̀? Ní oṣù Kẹrin 1992, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí ń jẹ́ Seo Taiji and Boys lọ kọrin lórí ètò ìdíje kan ní ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán MBC ní Seoul. Àwọn adájọ́ fún wọn ní máàkì tí ó kéré jù lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń wò wọ́n nílé kò gba ìdájọ́ náà. Wọ́n ra àwo wọn, wọ́n wọ aṣọ bíi tiwọn, orin náà sì gba gbogbo ilẹ̀ náà kan. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò mọ ohun tí a ń sọ: kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú ọmọ ni máàkì lè wọ̀n.

Àwọn oníṣòwò rí èyí, wọ́n sì fi ọgbọ́n sí i. Ní 1995 ni Lee Soo-man, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ akọrin rí, dá ilé iṣẹ́ SM Entertainment sílẹ̀. Ní 1996 ni ó gbé ẹgbẹ́ H.O.T. jáde. Láti ìgbà náà ni ìlànà kan ti fìdí múlẹ̀. A óò ṣa ọmọ láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀, nígbà mìíràn nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá lọ. Bí ó bá ti ilé ìwé dé, yóò kọ́ orin, yóò kọ́ ijó, yóò kọ́ èdè òkèèrè, yóò kọ́ bí a ti í sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, àwọn kan fún ọdún méje. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní dé ojú agbo láéláé.

Èrè sùúrù náà kò fara sin. Ní oṣù Keje 2012 ni Psy gbé "Gangnam Style" jáde. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di àwòrán àkọ́kọ́ tí a wò ní ìgbà bílíọ̀nù kan lórí YouTube. Nígbà tí ọdún 2020 ń parí lọ, orin ẹgbẹ́ BTS kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èdè Kòríà látòkèdélẹ̀, wọ ipò kìn-ín-ní nínú ìwé ètò orin Amẹ́ríkà tí Billboard ń tẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni ó wá ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí ilé Yorùbá. Ọmọ Àyàn kì í ti orí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Omele ni yóò kọ́kọ́ lù, yóò máa tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sí òde ìyàwó àti òde òkú, yóò máa gbọ́, a óò máa bá a wí, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ wí. Ohun tí Kòríà ṣe ni pé ó mú irú ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó kọ́ ilé ńlá fún un, ó sì fi owó sí i.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó bá pọ̀ sí, ojú kòkòrò kì í jìnnà sí ibẹ̀. Ní 2009, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ TVXQ pe ilé iṣẹ́ wọn lẹ́jọ́ nítorí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́tàlá tí ó so wọ́n mọ́lẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ ìjọba tí ń mójú tó òwò títọ́ ṣe àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn kan jáde pé kí ó má ṣe ju ọdún méje lọ mọ́. Ní 2019, àwọn tí ń wo ìdíje Produce X 101 lórí Mnet ṣàkíyèsí pé ìyàtọ̀ iye ìbò láàárín àwọn olùdíje kan ń ṣe déédéé lọ́nà tí kò bójú mu. Wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n pariwo, àwọn ọlọ́pàá wọ inú ọ̀ràn náà, nígbà tí ó sì di 2020, ilé ẹjọ́ rán Ahn Joon-young, olórí àwọn tí ó ṣe ètò náà, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. A ti yan àwọn tí yóò borí kí àwọn ará ilé tó dìbò. Gbogbo ọmọ tí ó san owó kékeré kí olólùfẹ́ rẹ̀ lè wọlé, lásán ni ó san án.

Èyí tí ó burú jù ṣì wà níbẹ̀. Jonghyun ti ẹgbẹ́ SHINee kú ní 2017 ní ọmọ ọdún 27. Ní 2019, Sulli kú ní ọmọ ọdún 25. Kí oṣù méjì tó pé, Goo Hara, ọmọ ọdún 28, tẹ̀lé e. Àwọn ará Kòríà fúnra wọn bi ara wọn léèrè irú ẹrù tí wọ́n ti gbé lé àwọn ọmọ wọ̀nyí lórí. Ibí yìí ni òwe kejì wa ti ń dún létí: òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Accra náà ní ìdíje orin tirẹ̀, Èkó sì ní. Ní 2006, ìdíje Stars of the Future bẹ̀rẹ̀ ní Gánà. Irene Logan ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Jane Awindor, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Efya lónìí, wà nínú ìdíje yẹn, àwọn méjèèjì sì kọrin pọ̀ fún ìgbà kan lẹ́yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán TV3 ní Accra ṣe ti rẹ̀, tí wọ́n pè ní Mentor. Ní 2007, Idols West Africa fi Timi Dakolo, ọmọ Nàìjíríà, jọba. Láti 2008 títí di 2016, Project Fame West Africa ń kó àwọn ọ̀dọ́ Gánà, Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò wọn jọ sí Èkó. Iyanya ni ó kọ́kọ́ gba adé rẹ̀.

A kò ní bú àwọn ìdíje wọ̀nyí. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n ní ilé iṣẹ́ rédíò, tí baba rẹ̀ kò sì mọ ọ̀gá kankan. Project Fame tilẹ̀ gbà wọ́n sínú ilé kan, ó sì fún wọn ní olùkọ́ orin àti ti ijó. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìkọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́ ọdún mélòó kan. Nígbà tí Iyanya gba adé ní 2008, adé náà kò tíì sọ ọ́ di olórin tí gbogbo ìlú mọ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta kọjá kí "Kukere" tó jáde, orin tí orúkọ rẹ̀ àti ijó rẹ̀ ti ilé wá, láti ìhà Calabar àti agbègbè rẹ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò ní agbára láti dúró fún ọdún mẹ́ta? A ti rí irú wọn ní Accra, a sì ti rí wọn ní Èkó: ẹni tí gbogbo àdúgbò fi ìlù sìn jáde, tí ó padà sílé láàárín òru, tí ó wá ń tijú láti lọ sí ọjà tí ìyá rẹ̀ ti ń tajà.

Ọ̀rọ̀ ìbò tún wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni a fi ń dìbò lórí fóònù, tí ẹnì kan sì lè dìbò ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ẹni tí ẹbí rẹ̀ lówó lọ́wọ́ ni yóò máa borí. Ohùn ọmọ tálákà lè dùn bí oyin. Oyin kì í ra káàdì fóònù.

Nísinsìnyí, a lè dá ọmọ Osu náà lóhùn bí ó ti yẹ. Ta ni ó kọ́ E. T. Mensah? Olùkọ́ ilé ìwé ni.

Ní 1919 ni a bí Mensah ní Accra. Nígbà tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ní James Town, olùkọ́ kan wà níbẹ̀, Joe Lamptey, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Teacher Lamptey. Ọkùnrin yìí kó àwọn ọmọ jọ, ó fi fèrè kékeré lé wọn lọ́wọ́, ó fi ìlù lé àwọn mìíràn lọ́wọ́, ó sì kọ́ wọn. Láti inú ẹgbẹ́ fèrè ilé ìwé ni ó ti gbé Accra Orchestra jáde ní àwọn ọdún 1930, Mensah àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Yebuah, sì wà nínú rẹ̀. Nígbà ogun Hitler, Mensah bá ẹgbẹ́ ọ̀gágun kékeré kan, ará Scotland tí ń jẹ́ Jack Leopard, ṣeré, ó sì tún kọ́ ọgbọ́n mìíràn nípa fèrè sasofóònù lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1948 tí ẹgbẹ́ Tempos bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ti ń bá ohun èlò orin ṣeré bọ̀ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún jẹ́ apoògùn tí ó gba ìwé ẹ̀rí. Kò sí ẹni tí ó dìbò fún un lórí fóònù.

Àwọn àgbà tí ó wà ní Èkó ní àwọn ọdún 1950 rántí ohun tí ó tẹ̀lé e. Tempos wá sí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún wá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ń wá bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tiwa gbọ́ wọn, wọ́n sì yí ìlù padà. Victor Olaiya wà lára àwọn tí ó gbé háíláìfù náà dé ibi gíga níhìn-ín, òun àti Mensah sì pàdé nínú àwo orin kan ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí irun wọn ti ń funfun. Nígbà tí Louis Armstrong, baba fèrè ní Amẹ́ríkà, dé sí Accra ní oṣù Karùn-ún 1956, Mensah wà lára àwọn tí ó bá a ṣeré. Ga, Twi, Fante àti Ewe wà lára èdè tí Tempos fi kọrin. A kò sì gbọ́ pé ẹnì kan ní Èkó kọ̀ láti jó nítorí pé kò gbọ́ Ga.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni Kòríà tún ń kọ́ wa. Kì í ṣe ohun titun. Accra ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó kàn gbàgbé rẹ̀ ni. Ìdíje a máa fi adé lé ọmọ lórí, ṣùgbọ́n olùkọ́ àti ọdún ni ń sọ ọmọ di olórin. Orin tí a sì fi èdè ẹni kọ dáadáa kì í ṣe orin abúlé. Òun ni ará òkèèrè ń wá.

Àwọn kan lè sọ pé ìparun ni kí ọmọ Gánà máa jó ijó Kòríà. A kò bá wọn sọ ọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1971, àwọn òrìṣà orin Amẹ́ríkà ìgbà náà, Wilson Pickett, Ike àti Tina Turner, Roberta Flack àti Santana, wá kọrin ní Black Star Square ní Accra títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ Accra yí irun bíi tiwọn, wọ́n sì kígbe bíi tiwọn. Accra kò kú. Àwọn tí ó kàn fara wé Pickett, orúkọ wọn ti nù; àwọn tí ó mú ohun tí wọ́n gbọ́, tí wọ́n sì pò ó pọ̀ mọ́ ìlù ilé baba wọn, ni a ṣì ń dárúkọ. Kí àwọn ọmọ Osu jó. Ohun tí a ń bèèrè ni pé lẹ́yìn ijó, kí ni wọ́n ní nílé tí wọn yóò pò ó mọ́?

Ẹ sì ronú lórí èyí. Ní 2020, ohun kan láti Gánà kọjá òkun dé Kòríà. Kì í ṣe ọmọ Gánà tí ó fara wé BTS. Àwọn agbépòósí oníjó láti Prampram ni, àwọn ọkùnrin Benjamin Aidoo, tí wọ́n ń gbé òkú lọ sí ibojì pẹ̀lú kóòtù, ìbọ̀wọ́ àti ijó, bí wọ́n ti ń ṣe é nílé. Gbogbo ayé wò wọ́n. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní ìlú Uijeongbu ní Kòríà sì fi wọ́n ṣe àwòrán ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ṣùgbọ́n wọ́n kun ojú wọn ní dúdú. Sam Okyere, ọmọ Gánà tí àwọn ará Kòríà mọ̀ bí ẹni mowó lórí amóhùnmáwòrán wọn, sọ pé èyí kò dára. Ariwo náà pọ̀ lórí rẹ̀ títí ó fi tọrọ àforíjì. Lójú tiwa, ìbínú rẹ̀ kò ṣàìtọ́. Àwọn tí ń ta orin wọn fún gbogbo ayé gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti í wo ojú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìtàn náà tún fi hàn pé ohun tiwa gan-an ni ayé rí tí ó sì mú.

Kí ni a fẹ́ kí a ṣe? Ohun mẹ́ta péré ni. Èkíní, kí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìdíje orin rán ẹni tí ó borí, àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan ó kéré tán, dípò kí wọ́n fún un ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò ní owó epo rẹ̀. Èkejì, kí ìwé àdéhùn wọn má gùn ju bí ọ̀dọ́ ti lè rù lọ, kí a sì kà á létí àwọn òbí rẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí a sì ṣírò ìbò ní gbangba. Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, kí a má ṣe jẹ́ kí wákàtí orin kú ní ilé ìwé. Fèrè kékeré kò wọ́n. Ìlù kò wọ́n. Ohun tí ó wọ́n ni olùkọ́ tí yóò dúró lẹ́yìn aago ìparí ẹ̀kọ́ láti fi í kọ́ni.

Nígbà tí ọmọ náà bi wá léèrè ní ọjọ́ yẹn, a wí fún un pé, "Tíṣà rẹ̀ ní ilé ìwé ni." Ó wò wá bí ẹni tí ń wò ó bóyá a ń fi òun ṣeré. Ó ní, "Ilé ìwé bíi tiwa?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Kò sọ ohun kan mọ́. Ó padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tún gbé orin náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ̀yin ni ọmọ náà ń bi.